Ṣé O Mọ̀? Ọjà Agbábọ́ọ̀lù Ti Ṣí, Ẹnu Kò Sinmi Mọ́ ní Makutu

Ṣé o mọ̀ pé Manchester United rí £12 mílíọ̀nù gbà lórí ọmọ Nàìjíríà kan tí kò gbá bọ́ọ̀lù fún wọn rí? John Obi Mikel ni. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2005, ó gbé jẹ́ẹ́sì United sókè, nọ́ńbà 21 gàdàgbà lára rẹ̀, àwọn oníròyìn ya fọ́tò títí; nígbà tó fi máa di 2006, aṣọ Chelsea ló wà lọ́rùn rẹ̀.

Ta ló wá jèrè jù? Lyn Oslo ti ilẹ̀ Nọ́wè, tó ni ọmọ ní tòótọ́, gba £4 mílíọ̀nù. Tún un kà o: ẹni tó ni ọmọ gba mẹ́rin, ẹni tó bá ọmọ ya fọ́tò gba méjìlá!

Irú ìtàn yìí ni wọ́n ń jà lé lórí ní Makutu, nílẹ̀ Okun wa, bí oṣù Kẹjọ bá ti wọlé. Bí iná bá wà, tàbí tí epo bá wà nínú jẹnẹrétọ̀, ilé ìwòran bọ́ọ̀lù á kún fún àwọn tó mọ iye tó wà lápò Arsenal ju Arsenal fúnra rẹ̀ lọ. Nítorí tiwọn ni mo ṣe kó àwọn wọ̀nyí jọ. Mú èyí tó bá wù ọ́, kó o fi pa wọ́n lẹ́nu mọ́ lálẹ́ òní.

Ṣé o mọ̀ pé gbogbo ọmọ Makutu tí wọ́n bí ṣáájú 1991 ló ti kúrò ní ẹgbẹ́ kan bọ́ sí òmíràn, láìkúrò nílé bàbá wọn? Títí di ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1991, abẹ́ Kwara ni ilẹ̀ Okun wà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, a ti di ará Kogi.

Oṣù Kẹjọ sì ni, ìgbà tí ọjà agbábọ́ọ̀lù máa ń gbóná jù! Agbábọ́ọ̀lù a máa buwọ́ lùwé, á sì gbowó rẹ̀ kó tó ṣí lọ. Àwa ńkọ́, ta ló fún wa ní kọ́bọ̀?

Wàhálà tí ìyẹn dá sílẹ̀ kò kéré. Kogi United tí í ṣe tiwa lábẹ́ òfin wà ní Lokoja, ìpele kejì ni wọ́n sì ti ń làágùn; Kwara United tí a fi sílẹ̀ ní Ìlọrin ló wà lókè. Tó o bá wọ jẹ́ẹ́sì Kwara United gba ọjà Kabba kọjá, ṣé ọ̀dàlẹ̀ ni ọ́, àbí ọmọ tó ń bojú wẹ̀yìn wo ilé àtijọ́?

Kí o tó dáhùn, gbọ́ èyí ná. Láti 1945 ni wọ́n ti ń du ife ẹ̀yẹ ìjọba àpapọ̀ ní Nàìjíríà, láyé ìgbà tí wọ́n ṣì ń pè é ní Ife Gómìnà. Ṣùgbọ́n ọdún 2025 ni Kwara United tó kọ́kọ́ gbé e lọ sílé. Abakaliki FC ni wọ́n borí ní Oníkan, l'Ékòó, pẹnárítì ló sì yanjú rẹ̀.

Ẹgbẹ́ tó bá gba ife yẹn, ọkọ̀ òfuurufú ló kàn: ó di dandan kí ó lọ bá àwọn ẹgbẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà yòókù jà. Ìyẹn ni pé láàárín alẹ́ kan, góòlì tó di bọ́ọ̀lù mú lè sọ gbogbo ọ̀rọ̀ ríra àti títà sáà tó ń bọ̀ di ọ̀tun.

Góòlì kẹ̀? Èyí á yà ọ́ lẹ́nu. Ní àṣekágbá ìdíje Champions League ilẹ̀ Áfíríkà ọdún 2004, nígbà tí ọ̀rọ̀ di pẹnárítì, kóòṣì Enyimba yọ Vincent Enyeama, góòlì tí gbogbo ayé mọ̀, ó sì ti ọmọ tó jókòó síta wọlé. Dele Aiyenugba lorúkọ ọmọ náà, Kwara United ni wọ́n sì ti rà á! Étoile du Sahel tí wọ́n ń bá jà kò rí ọ̀nà gbà.

Ìlọrin náà ni wọ́n ti bí Taiwo Awoniyi. Ṣé o mọ̀ pé odindi ọdún mẹ́fà ló fi jẹ́ ti Liverpool, láti 2015 sí 2021, tí kò gbá ìdíje kan ṣoṣo fún wọn? FSV Frankfurt, NEC Nijmegen, Mouscron, Gent, Mouscron lẹ́ẹ̀kan sí i, Mainz, Union Berlin: ìgbà méje ni wọ́n yá a fún ẹlòmíràn, bí àdá ìdílé tí gbogbo àdúgbò ń yá lò lákòókò ìroko. Ìwé àṣẹ iṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni kò rí gbà.

Nǹkan bí £400,000 ni Liverpool fi rà á. Nígbà tí Nottingham Forest wá gbà á lọ́wọ́ Union Berlin ní 2022, iye náà ti lé ní £17 mílíọ̀nù.

Ẹ̀yin ọmọ Arsenal, ẹ di etí yín. Ní ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ayò kan ṣoṣo ló wọlé nínú ìdíje Forest àti Arsenal, Awoniyi ló gbá a. Pẹ̀lú ayò kan yẹn, Forest bọ́ lọ́wọ́ jíjá sí ìpele kejì, Manchester City sì gba ife líìgì lọ́jọ́ tí wọn kò tilẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù. Ọmọ Ìlọrin, o ṣeun àbí o ò ṣeun?

Ṣé o mọ̀ pé ọjọ́ ìbí lè di ọjọ́ ọjà? Òfin FIFA kò fàyè gba kí wọ́n ra ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, àfi ní àwọn ọ̀nà díẹ̀ kan. Wá ka ọjọ́ báyìí: Awoniyi pé 18 ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ 2015, kí oṣù náà tó parí, Liverpool ti kéde rẹ̀. Victor Osimhen pé 18 ní ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá 2016. Oṣù Kìíní 2017, ó ti dé Wolfsburg ní Jámánì. Àfàìmọ̀ ni wọ́n fi jẹ kéèkì yẹn tán.

Osimhen yìí kan náà ló ta omi láàárín súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ l'Ékòó. Ní 2025, Galatasaray ti ilẹ̀ Tọ́kì san €75 mílíọ̀nù fún Napoli lórí rẹ̀, kò sì sí agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n rà wọ orílẹ̀-èdè yẹn tó wọ́n tó bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ náà.

Mú ìṣirò díẹ̀. Owó ẹ̀bùn fún ẹgbẹ́ tó gba líìgì Nàìjíríà ní sáà 2024/25 jẹ́ ₦200 mílíọ̀nù. Bí ẹgbẹ́ kan bá gba líìgì náà ní ìgbà 500, léraléra, láìfo ọdún kan, tí kò sì ná nínú owó rẹ̀, kò tíì ní tó owó tí wọ́n fi ra Osimhen!

Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò ní fi ṣeré, nítorí àwọn kóòṣì tó ń kọ́ ọmọdé lórí pápá eléruku. Ṣé o mọ̀ pé ẹni tó kọ́ ọmọ ní bọ́ọ̀lù nígbà kékeré rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí owó orí rẹ̀, kódà bí ọmọ náà bá ti di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká? Bí wọ́n bá ra agbábọ́ọ̀lù láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn nígbà tí àdéhùn rẹ̀ kò tíì parí, FIFA ní kí wọ́n yọ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó náà sọ́tọ̀ fún gbogbo ẹgbẹ́ tó tọ́ ọ láti ọmọ ọdún 12 dé 23.

Lórí €75 mílíọ̀nù, ìdá márùn-ún jẹ́ €3.75 mílíọ̀nù. Sáà kọ̀ọ̀kan láti ọdún 12 dé 15 ń mú ìdá 0.25 wá, láti ọdún 16 sókè ó di ìlọ́po méjì. Ó ku ìbéèrè kan péré: ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọmọ náà dà? Ọmọ tí kò sí nínú ìwé, owó rẹ̀ kò ní mọ ọ̀nà Makutu.

Ó yá, jẹ́ ká wọ ilé. Ṣé o mọ̀ pé ọdún 25 ni ife líìgì Nàìjíríà fi ṣàtìpó kó tó tún padà sí ilẹ̀ Yorùbá? Julius Berger ti Èkó gbà á ní 2000, lẹ́yìn náà ó di ẹ̀yìn odi, títí Remo Stars fi mú un wá sí Ìkẹ́nnẹ́ ní 2025.

Ìkẹ́nnẹ́ ìlú Awólọ́wọ̀ ni mò ń wí o! Èkó kọ́, Ìbàdàn kọ́. Ìlú kékeré ní Rẹ́mọ.

Wo ipò tí wọ́n wà léraléra: ẹ̀kẹta ní 2022, ẹ̀kejì ní 2023, ẹ̀kejì ní 2024, ẹ̀kínní ní 2025. Nígbà tí wọ́n máa dé ibẹ̀, ìdíje mẹ́ta ṣì kù nílẹ̀. Ìṣòro ẹgbẹ́ tó ti dé orí òkè sì nìyí: gbogbo ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù dáadáa níbẹ̀, àwọn olówó ti ń bèèrè iye rẹ̀.

Kunle Soname ló ni Remo Stars. Ṣé o mọ̀ pé òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó ra ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ní ilẹ̀ Yúróòpù? Feirense ni, ní ilẹ̀ Pọ́túgà, ní 2015. Kó tó pé ọdún kan gbáko, wọ́n ti gòkè sí ìpele àkọ́kọ́ níbẹ̀. A sọ pé òyìnbó ló ń ra agbábọ́ọ̀lù wa. Ọmọ wa kan ra ẹgbẹ́ wọn.

Soname yìí náà ló dá Bet9ja sílẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì rẹ tó já lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí o fi ẹsẹ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ìbínú, àbí o ti ra okùn bàtà kan fún agbábọ́ọ̀lù Ìkẹ́nnẹ́ láìmọ̀?

Sunshine Stars ti Àkúrẹ́, tí kò jìnnà sí wa: ní 2012 wọ́n dé ìpele tó ṣáájú àṣekágbá nínú Champions League ilẹ̀ Áfíríkà, Al Ahly ti Íjíbítì ló dá wọn dúró pẹ̀lú ayò kan péré. Ní 2025, wọ́n já kúrò ní ìpele àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ọdún 13 ló wà láàárín méjèèjì.

Àkúrẹ́ yẹn náà ni Godfrey Oboabona ti ń gbá bọ́ọ̀lù nígbà tó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà pẹ̀lú Super Eagles ní 2013. Láti pápá Oǹdó bọ́ sí oyè Áfíríkà, ọdún yẹn kan náà ló sì gba ilẹ̀ Tọ́kì lọ.

Àbí kí n sọ ti Sunday Mba? Òun ló gbá ayò kan ṣoṣo tí Nàìjíríà fi na Burkina Faso ní àṣekágbá náà, ọjọ́ 10 oṣù Kejì 2013. Ṣùgbọ́n ṣé o mọ̀ pé lásìkò tí gbogbo orílẹ̀-èdè ń jó, Rangers ti Ẹnúgù àti Warri Wolves ń bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ lórí ẹni tó ni ín gan-an? Ẹsẹ̀ tó gba ife wálé, olówó rẹ̀ kò tíì dájú!

Ẹ gbà mí láyè kí n pẹ́ díẹ̀ n'Íbàdàn, nítorí ibẹ̀ ni ẹrù pọ̀ sí. "Up Shooting!" tí wọ́n ń ké ní Adámásingbà yẹn, ó tó bẹ́ẹ̀ ó jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹgbẹ́ Shooting Stars (3SC) yìí ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà, ní 1976, ọdún yẹn kan náà ni wọ́n sì gba líìgì ilé.

Ta ni wọ́n nà? Tonnerre ti Yaoundé, ayò 4 sí 1 nílé. Lọ́hùn-ún wọ́n jẹ ayò kan, kò sì ba nǹkan kan jẹ́. Roger Milla wà nínú Tonnerre náà, òun gan-an sì ni wọ́n pè ní agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà lọ́dún yẹn. Ìbàdàn kò ka ìyẹn sí.

Tonnerre kan náà ni George Weah ti lọ sí Monaco ní 1988. Ó di ẹni tó dára jù lágbàáyé ní 1995, ọmọ Áfíríkà kan ṣoṣo tó tíì gba Ballon d'Or. Ní 2018 ó di ààrẹ ilẹ̀ Làìbéríà. Sọ fún mi, ẹgbẹ́ wo ló tún lè tà ọ́ dé ilé ìjọba?

Padà sí Ìbàdàn. WNDC, lẹ́yìn náà IICC, lẹ́yìn náà 3SC: àwọn agbábọ́ọ̀lù jókòó sílé, orúkọ ẹgbẹ́ ló ń ṣí kiri.

Ṣé o mọ̀ pé Segun Odegbami, tí wọ́n ń pè ní "Mathematical", kò kúrò nínú ẹgbẹ́ yìí láti 1970 títí dé 1984? Òun ló gbá méjì nínú ayò mẹ́ta tí Nàìjíríà fi na Àljíríà ní àṣekágbá ife Áfíríkà ọdún 1980. Lóde òní, ìpè tẹlifóònù mélòó ni ò bá ti wọlé kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́?

Ní 1992, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dá ìdíje CAF Cup sílẹ̀, 3SC ló kọ́kọ́ gbà á: òdo sí òdo ní Ùgáńdà, ayò 3 sí òdo nílé, Nakivubo Villa gba ilé lọ. Wọ́n jẹ́ akọ́kọ́gbà lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn sì pọ̀ fún ẹgbẹ́ kan.

Àmọ́ Zamalek ti Íjíbítì wà. Lẹ́ẹ̀mejì ni 3SC dé àṣekágbá ìdíje àwọn tó gba líìgì ní Áfíríkà, ní 1984 àti ní 1996. Lẹ́ẹ̀mejì ni Zamalek wà níbẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì ni wọ́n gbé ife lọ sí Kaírò. Ti 1996 tiẹ̀ dé pẹnárítì, mo ti rí àgbàlagbà tí orí rẹ̀ ṣì ń gbóná bí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀.

Líìgì Nàìjíríà márùn-ún ló wà nílé wọn: 1976, 1980, 1983, 1995, 1998. Láti 1998 wá, òùngbẹ ni. Nítorí náà, bí wọ́n bá ra ẹnikẹ́ni tó mọ ọ̀nà sáwọ̀n, Ìbàdàn á ti máa fọ ibi tí wọ́n máa gbé ife sí.

Ìbàdàn kan náà ni Leventis United ti jáde. Ṣé o mọ̀ pé wọ́n gba líìgì Nàìjíríà ní 1986, ní sáà àkọ́kọ́ tí wọ́n lò ní ìpele òkè? Kí ọdún 1987 tó parí, wọ́n ti tú ẹgbẹ́ náà ká. Ẹni tó bá bí ọmọ lọ́dún tí wọ́n dá ẹgbẹ́ yẹn sílẹ̀, ọmọ rẹ̀ kò tíì jáde ìwé mẹ́fà nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó lọ, wọ́n ti fi ojú M.K.O. Abíọ́lá rí nǹkan. Abiola Babes ti Abẹ́òkúta dé àṣekágbá ife Nàìjíríà lọ́dún mẹ́rin léra wọn, 1984 sí 1987. Ti 1984 àti 1986, Leventis ló já a gbà mọ́ wọn lọ́wọ́. Ti 1985 àti 1987, Alhaji gbé e wálé.

Ta ni atamátàsé wọn láyé ìgbà yẹn? Rashidi Yekini! UNTL ní Kàdúná, 3SC n'Íbàdàn, Abiola Babes l'Ábẹ́òkúta, Africa Sports l'Ábíjàǹ, lẹ́yìn náà Vitória Setúbal ní Pọ́túgà. Ní sáà 1993/94, ayò 21 ló gbá wọlé níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ju bẹ́ẹ̀ lọ ní gbogbo líìgì náà.

Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà, ní 1993. Èyí tó dùn mọ́ mi jù nínú ìtàn rẹ̀ ni pé ní 2005, nígbà tó ti di ẹni ọdún 41, ó tún wọ bàtà fún Gateway ti Abẹ́òkúta. Ìlú tó fi sílẹ̀ ní ọ̀dọ́mọkùnrin ló padà sí bí bàbá.

Ṣé o mọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ la ọ̀nà ìlú òyìnbó? Teslim Balogun, "Thunder". Ó tẹ̀ lé àwọn agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1949, nígbà tí ọ̀pọ̀ wọn gbá bọ́ọ̀lù láìwọ bàtà. Peterborough United pè é padà ní 1955, ní 1956 sì ni ó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gbá bọ́ọ̀lù nínú líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún Queens Park Rangers. Pápá tó wà ní Sùúrùlérè, tìrẹ ni.

Queens Park Rangers yìí kan náà o! Ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní 2013, ọjọ́ tí ọjà fẹ́ tì, Peter Odemwingie gun mọ́tò rẹ̀ láti West Brom, ó wà á dé iwájú pápá QPR ní Lọ́ńdọ̀nù láti lọ buwọ́ lùwé. Ẹnikẹ́ni kò tíì fohùn ṣọ̀kan lórí owó rẹ̀! Ó jókòó sínú mọ́tò, kámẹ́rà ń ya á, ọjà tì, ó sì yí orí mọ́tò padà sílé.

Mutiu Adepoju, ọmọ Ìbàdàn, gbá bọ́ọ̀lù fún 3SC àti Julius Berger. Ṣé o mọ̀ ibi tó kàn? Real Madrid! Ẹgbẹ́ kejì wọn ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n dákẹ́, Madrid ni Madrid ń jẹ́.

Emmanuel Adebayor ti ilẹ̀ Tógò, Lomé ni wọ́n bí i sí, Yorùbá ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Ní 2009 Manchester City fi £25 mílíọ̀nù rà á lọ́wọ́ Arsenal; ní oṣù Kẹsàn-án, ó gbá ayò kan sí Arsenal, ó sì sáré láti ìbẹ̀rẹ̀ pápá dé òpin rẹ̀ kó tó lọ yọ̀ lójú àwọn tó ti ń bú u. Ẹni tó bá rí fọ́tò yẹn rí, á mọ̀ pé kò tíì sẹ́ni tó sáré tó bẹ́ẹ̀ nítorí èébú.

Ó dà bíi pé Arsenal ni mo dojú kọ lónìí, ẹ má bínú. Eberechi Eze, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù: nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 13, Arsenal ní kó máa lọ. Ní oṣù Kẹjọ 2025, wọ́n tún rà á padà, owó náà sì lé ní £60 mílíọ̀nù.

Bukayo Saka ńkọ́, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Ealing? Láti kékeré ló ti wọ ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù Arsenal. Iye tí wọ́n fi rà á lọ́wọ́ ẹgbẹ́ mìíràn: òdo. Ìyẹn ló dára jù lọ nínú gbogbo ọjà tí wọ́n ná.

Ademola Lookman, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Wandsworth, ti lọ sí Everton, wọ́n yá a fún Leipzig, ó yà ní Fulham, ó yà ní Leicester, kò sẹ́ni tó dá a dúró. Ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún 2024, ó gbá ayò mẹ́ta wọlé fún Atalanta ní àṣekágbá Europa League. Leverkusen tí wọ́n nà kò tíì fìdí rẹmi nínú ìdíje 51. Lọ́dún yẹn kan náà ló di ọba agbábọ́ọ̀lù ní Áfíríkà.

Àwọn obìnrin dà? Asisat Oshoala, ọmọ Ìkòròdú tó bẹ̀rẹ̀ ní Robo FC l'Ékòó, ni obìnrin ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba Champions League ilẹ̀ Yúróòpù, pẹ̀lú Barcelona ní 2021.

Èyí tó kàn yìí, mo fẹ́ kó o fi na ẹni tó bá sọ pé bọ́ọ̀lù obìnrin kò mówó wọlé. Agbábọ́ọ̀lù Áfíríkà wo ló kọ́kọ́ di ẹni tó wọ́n jù ní gbogbo àgbáyé, yálà nínú bọ́ọ̀lù ọkùnrin tàbí ti obìnrin, lọ́jọ́ tí wọ́n rà á? Weah kọ́, Osimhen kọ́. Racheal Kundananji ni, obìnrin ilẹ̀ Sáḿbíà, tí Bay FC ti Amẹ́ríkà rà ní oṣù Kejì 2024. Ẹgbẹ́ tí Oshoala wọ̀ lọ́dún yẹn kan náà!

Láyé àtijọ́ ńkọ́? Ní 1905, Middlesbrough ra Alf Common ní £1,000, àwọn èèyàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì figbe ta pé ayé ti bàjẹ́. Ọdún 74 lẹ́yìn náà, Trevor Francis di £1 mílíọ̀nù. Neymar ní 2017, €222 mílíọ̀nù. Ayé tó bàjẹ́ ní 1905 yẹn, ó ṣì ń bàjẹ́ lọ.

Ahmed Musa gbá ayò 18 fún Kano Pillars ní sáà 2009/10, kò tíì pé ọmọ ọdún 18. Ó lọ sí VVV Venlo, ó lọ sí Rọ́ṣíà, ó lọ sí Leicester. Ní 2025, Kano Pillars kan náà sọ ọ́ di ọ̀gá àgbà wọn. Ọmọ tí wọ́n tà ló wá ń ta ọmọ.

Ẹni tí iye ayò rẹ̀ ga jù nínú sáà kan ní líìgì wa ni Mfon Udoh ti Enyimba: 23, ní 2014. Bí ẹgbẹ́ rẹ bá sọ pé àwọn ra ẹni tó máa gbá 30 fún wọn ní sáà tó ń bọ̀, rẹ́rìn-ín músẹ́, kó o sì béèrè omi tútù.

Mo fi èyí tó dùn jù pamọ́. Ní oṣù Kọkànlá 1996, ẹnì kan fóònù kóòṣì Southampton pé George Weah ni òun, pé òun ní mọ̀lẹ́bí kan tó mọ bọ́ọ̀lù gbá. Kóòṣì gbà á gbọ́! Wọ́n buwọ́ lùwé fún Ali Dia, ọmọ ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gàl, ní ọjọ́ 23 oṣù náà wọ́n sì tì í wọlé bá Leeds, ó rọ́pò Matt Le Tissier.

Ó sáré sọ́tùn-ún, ó sáré sósì, bọ́ọ̀lù ń bọ̀ ó ń yẹ̀ ẹ́. Kí ìdíje náà tó parí, kóòṣì tún yọ ọ́ jáde. Kò sì gbá òmíràn fún wọn mọ́ láyé.

Nítorí náà, bí fóònù bá dún ní Lokoja lálẹ́ kan kí sáà tuntun tó bẹ̀rẹ̀, tí ohùn kan sọ pé ààrẹ Làìbéríà tẹ́lẹ̀ rí lòun, pé òun ní àbúrò kan tó lè gbé Kogi United gòkè: kóòṣì, jọ̀wọ́, ju bọ́ọ̀lù sí àbúrò ná.